Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀: kí ni mìíràn ló ṣẹlẹ̀ lágbàáyé lọ́jọ́ yìí kan náà?

Tíṣà Kábà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ tó ń wá sí lẹ́sìnnì ìsinmi ni yóò ka "Ọjọ́ òní nínú ìtàn" níbi ayẹyẹ ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, àyájọ́ ìdásílẹ̀ ìpínlẹ̀ Kogí. Ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n fún wa lórí ètò. Àkójọ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn kì í bára mu: ibì kan á ní 26, òmíràn á ní 28. Èwo la lè fọwọ́ sọ̀yà fún nínú wọn, báwo la sì ṣe ń yẹ déètì wò kí ọmọ ẹni má lọ ka irọ́ níwájú Ọba àti àwọn ìjòyè?

Akọ̀wé Ẹ̀gbẹ̀

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni 27 oṣù Kẹjọ 1991. Ìjọba ológun Ibrahim Babangida kéde ìpínlẹ̀ tuntun 9 lọ́jọ́ náà: Abia, Delta, Enugu, Jigawa, Kebbi, Kogí, Ọ̀ṣun, Taraba àti Yobe, ìpínlẹ̀ Nàìjíríà sì di 30. Ara Kwara ni wọ́n ti yọ àwa Okun, ara Benue ni wọ́n ti yọ àwọn Ígálà, Lọ́kọ́jà wá di olú ìlú. Kí àwọn ọmọ má sọ ọ́ bí ẹni pé Kogí nìkan ló ni ọjọ́ náà. Àwọn ará Ọ̀ṣun ń ṣe tiwọn lọ́jọ́ kan náà.

Ohun kan wà tí àkójọ púpọ̀ kì í so pọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1985 ni Babangida gba ìjọba lọ́wọ́ Muhammadu Buhari. Ọjọ́ tó pé ọdún 6 gééré lórí àga ló kéde àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé irú ọjọ́ méjì báyìí yàtọ̀ sí èyí tó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn.

Èyí tó ṣe kòńgẹ́ gan-an nìyí: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà, ní ìlú Chișinău, ilé aṣòfin Moldova kéde pé orílẹ̀-èdè àwọn ti kúrò lábẹ́ Soviet. Àwọn kan ti gbìyànjú láti fipá gba ìjọba ní Moscow láàrin ọjọ́ 19 sí 21 oṣù náà, wọn ò rí i ṣe, àwọn tó wà lábẹ́ Soviet sì rí àyè. Ukraine kéde tirẹ̀ lọ́jọ́ 24, Belarus lọ́jọ́ 25, Moldova lọ́jọ́ 27. Ọjọ́ orí kan náà ni Kogí àti òmìnira Moldova, kò fi ọjọ́ kan lé.

Etí Odò Ọya

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ máa mú nínú ti àgbáyé, Krakatoa ni kí ẹ mú. Erékùṣù tó ní òkè ayọnáyèéfín ni, ó wà lójú omi Sunda láàrin Java àti Sumatra, ní Indonéṣíà òde òní. Àwọn ará Nẹ́dálándì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Láti oṣù Karùn-ún 1883 ló ti ń rú èéfín. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Kẹjọ, ló wá le. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 27, ó bú gbàù lẹ́ẹ̀mẹrin: aago 5:30, 6:44, 10:02 àti 10:41. Ti aago 10:02 ló le jù. Wọ́n gbọ́ ọ ní erékùṣù Rodrigues lórí Òkun Íńdíà, tó jìnnà tó nǹkan bí 4,800 kìlómítà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ rò pé àgbá ìbọn ló ń dún lókèèrè. Ó dà bí kí ìbọn dún ní Lọ́ńdọ̀nù kí ẹni tó jókòó sí Lọ́kọ́jà gbọ́ ọ, nítorí jíjìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìró náà rìn fún nǹkan bíi wákàtí 4 kó tó débẹ̀.

Ibi tí àkójọ ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á ní iná ló pa àwọn ènìyàn. Omi ló pa èyí tó pọ̀ jù. Òkè náà wó sínú òkun, òkun sì dìde. Ìgbì tó ga ju mítà 30 lọ láwọn ibì kan gbá abúlé etí òkun Java àti Sumatra lọ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú wọn. Iye òkú tí ìjọba ibẹ̀ kọ sílẹ̀ lé ní 36,000. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe tẹ̀ sí mú ìgbì afẹ́fẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé, ó sì yí ayé po ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Eérú tó gòkè mú kí ojú ọ̀run pọ́n bí iná nírọ̀lẹ́ láwọn ilẹ̀ tó jìnnà, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó di 1927, òkè kékeré mìíràn yọ lójú omi ibẹ̀. Anak Krakatau ni wọ́n ń pè é, ó ṣì ń yọ iná dòní.

Ìyá Ìjùmú

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ "aago ibẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí wọ̀nyẹn. Nígbà tí aago lu 10:02 láàárọ̀ ní Krakatoa, nǹkan bí aago 3 òru ló jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní San Francisco, nǹkan bí aago 7 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 26 ni wọ́n wà. Ọ̀kan lára ohun tó ń mú kí 26 àti 27 máa jà nìyẹn. Èkejì ni pé àwọn kan ń ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, àwọn kan ń ka ọjọ́ tó bú jù. Déètì ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé nígbà gbogbo. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú sánmà nìkan ni ẹ lè fi aago GMT kà.

Àpẹẹrẹ: Mariner 2, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán sí ìràwọ̀ Venus. Òru ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1962 ló gbéra ní Florida, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó wà ní Califóníà ṣì wà ní alẹ́ ọjọ́ 26. Florida ni ọkọ̀ ti gbéra, nítorí náà 27 ni. Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Venus. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ẹ̀gbẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn tó sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé.

Ẹ fi ogun Zanzibar kún un, erékùṣù kan ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Mi ò mọ ohun tó lè wọ ọmọdé létí jù ú lọ, ó sì kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1896 ni Sultan Hamad bin Thuwaini, ọba ibẹ̀, kú. Khalid bin Barghash, ìbátan rẹ̀, wọ ààfin láìgba àṣẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí erékùṣù náà wà lábẹ́ wọn. Wọ́n fún un ní gbèdéke: kó tó di aago 9 àárọ̀ ọjọ́ 27, kó jáde. Kò jáde. Nígbà tó di 9:02, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí ààfin. Kó tó di aago 10, ó ti parí. Nǹkan bí 500 ni àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zanzibar. Atukọ̀ ẹyọ kan ló fara gbọgbẹ́ lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Khalid sá lọ sí ilé aṣojú Jámánì, wọ́n sì fi Hamud bin Mohammed jọba.

Ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun wọ̀nyẹn ni Harry Rawson. Rawson yìí kan náà ló kó ọmọ ogun wọ Ìbíní ní oṣù Kejì 1897, kò tíì pé oṣù 6 lẹ́yìn Zanzibar. Kí ọmọ tó máa kà á má fò ó.

Ọmọ Bùnú

Ẹ ṣeun mà. Ibì kan ní ìṣẹ́jú 38 ni ogun náà gbà, ibòmíràn ní 45. Èwo ni ká mú?

Ìyá Ìjùmú

Wọ́n fẹnu kò lórí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí ni wọn ò fẹnu kò lé lórí: ṣé ìgbà tí àsíá ààfin já bọ́ ni, àbí ìgbà tí ìbọn dákẹ́ pátápátá. Ẹ ní kí ọmọ sọ pé "nǹkan bí ìṣẹ́jú 40". Ẹni tó bá ní 38 lọ́kàn kò ní í bá a jà, ẹni tó bá ní 45 náà kò ní í bá a jà.

Ẹ̀gbọ́n Mọpà

Tíṣà, ẹ gba ohun èlò kan tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní dé ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 238 ló wà láàrin wọn. 238 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 34 gééré, kò ṣẹ́ kù. Nítorí náà, lọ́dún tí oṣù Kejì bá ní ọjọ́ 28, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí ọdún tuntun bọ́ sí ni 27 oṣù Kẹjọ máa bọ́ sí. Bí oṣù Kejì bá ní 29, ẹ sún un síwájú ní ọjọ́ 1.

Ẹ dán an wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọdún tuntun 1991. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Kogí. Ọjọ́ Ajé ni ọdún tuntun 1883. Ọjọ́ Ajé ni Krakatoa. Oṣù Kejì 1896 ní ọjọ́ 29, Ọjọ́rú ni ọdún tuntun rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni ogun Zanzibar. Bí ìwé kan bá kọ "ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹjọ 1896", ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ti wọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kò ní í sọ fún yín bóyá ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ṣì kọ tàbí déètì. Ẹ ní láti lọ wo ibòmíràn fún ìyẹn.

Ará Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, èyí wúlò gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Nínú ìwé tí àwọn ọmọ máa fi ṣe àkójọ, kí ẹ má fi ojú kan ṣoṣo sílẹ̀ fún déètì. Ẹ ya mẹ́ta: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rí i tàbí tí wọ́n kéde rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjà 27 àti 28 yóò parí lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo kànga epo rọ̀bì Edwin Drake ní Titusville, Pennsylvania. Ẹ̀bá odò ló ń gbẹ́ ẹ, yanrìn àti omi sì ń ya wọ inú ihò. Ó wá ti páìpù onírin wọlẹ̀ títí tó fi kan àpáta ní ẹsẹ̀ bàtà 32, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀ láti inú páìpù náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù Kẹjọ 1859, ni irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ dé ẹsẹ̀ bàtà 69 àti ààbọ̀, nǹkan bíi mítà 21. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ sílé. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ Billy Smith yọjú sínú páìpù tó rí epo lójú omi. Ẹni tó kọ 27 kò purọ́, ẹni tó kọ 28 kò purọ́. Kí ọmọ sọ méjèèjì.

Haile Selassie, ọba Etiópíà tẹ́lẹ̀: ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1975 ló kú ní Addis Ababa, ọjọ́ 28 ni ìjọba ológun kéde rẹ̀. W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú: ó kú ní Àkrà, Gánà, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1963, ẹni ọdún 95. Nkrumah ló pè é wá síbẹ̀ láti ṣètò ìwé ìmọ̀ ńlá nípa Áfíríkà. Ọjọ́ kejì ni ìwọ́de ńlá ní Washington níbi tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀, Roy Wilkins, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ìwọ́de náà, ló sì kéde ikú Du Bois fún ogunlọ́gọ̀ tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní í yọ Du Bois kúrò láéláé.

Èyí tó wà fún ojú kẹta ni àdéhùn Kellogg àti Briand. Ìjọba 15 fọwọ́ sí i ní Paris lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1928, Jámánì àti Japan wà lára wọn, pé àwọn kò ní í fi ogun yanjú aáwọ̀ mọ́. Ọjọ́ 24 oṣù Keje 1929 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún 11 géérégé lẹ́yìn ìfọwọ́sí yẹn, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1939, Erich Warsitz gbé Heinkel He 178 gòkè ní Rostock: ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì nìkan gbé fò, iṣẹ́ ọwọ́ Hans von Ohain. Ọjọ́ 5 péré lẹ́yìn náà, Jámánì kọlu Poland. Ẹ má wá ọkọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn, wọn kò ní í kọ ọ́, àṣírí ni.

Tíṣà Kábà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo rí i níbì kan pé ogun Plataea láàrin àwọn ará Gíríìsì àti Páṣíà wáyé ní 27 oṣù Kẹjọ 479 ṣáájú ìbí Krístì. Ṣé ká kọ ọ́? Ẹnìkan sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé lọ́jọ́ 27 yìí, ìràwọ̀ Mars yóò tóbi tó òṣùpá lójú.

Ẹ̀gbọ́n Mọpà

Ẹ fi Plataea sílẹ̀. Òṣùpá ni ìlú kọ̀ọ̀kan ní Gíríìsì fi ń ka oṣù, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pa pọ̀. Àwọn onímọ̀ ló ṣe ìṣirò tó fi di "27 oṣù Kẹjọ", ìṣirò mìíràn sì wà tó gbé e lọ síbòmíràn. Ogun tó wáyé nígbà ẹ̀rùn ọdún yẹn ni, ibẹ̀ ni kó parí sí.

Ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ ni kàlẹ́ńdà méjì. Kàlẹ́ńdà Julius Caesar ni Yúróòpù ń lò títí di 1582, nígbà tí Póòpù Gregory Kẹtàlá ṣàtúnṣe. Àwọn kan gbà á lójú ẹsẹ̀, àwọn kan kò gbà á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fo láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 1752. Rọ́ṣíà fo láti ọjọ́ 31 oṣù Kínní sí ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1918. Ìyàtọ̀ tí ẹ máa fi kún déètì àtijọ́: ọjọ́ 10 láti 1582, ọjọ́ 11 láti oṣù Kẹta 1700, ọjọ́ 12 láti oṣù Kẹta 1800, ọjọ́ 13 láti oṣù Kẹta 1900.

Ó kan ọjọ́ yín. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1916 ni Romania gbógun ti Austria-Hungary. Ìwé tí wọ́n kọ ní Romania nígbà yẹn ní 14 oṣù Kẹjọ, nítorí kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò títí di 1919. 14 àti 13 jẹ́ 27. Ó bára mu. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: bí ẹ bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rọ́ṣíà kí 1918 tó dé, tí ìwé ibẹ̀ kọ 27 oṣù Kẹjọ sí i, kì í ṣe ọjọ́ wa ni. Oṣù Kẹsàn-án ló bọ́ sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí 1582 tó dé, déètì àtijọ́ rẹ̀ la máa ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Alaric, ọba àwọn Visigoth (ẹ̀yà Jámánì kan láyé àtijọ́), kó wọn wọ Róòmù lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ 410, wọ́n kó o fún ọjọ́ 3. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sí 27, ẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ tí ìkógun parí ni.

Ti Etiópíà tún yàtọ̀. Oṣù 13 ni ọdún wọn. Ọjọ́ tí Haile Selassie kú, ọjọ́ 21 oṣù Nehase 1967 ni lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹnìkan bá bá yín jiyàn pé 1967 ló kú, ẹ béèrè kàlẹ́ńdà tó ń lò.

Ọmọ Ìyàgbà

Ọ̀rọ̀ Mars yẹn, ẹ má tari rẹ̀ síwájú. Òtítọ́ kan wà ní ìdí rẹ̀: ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 2003, Mars sún mọ́ ayé ju bó ti sún mọ́ ọn rí láti nǹkan bí 60,000 ọdún, ó ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 56 kìlómítà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìgbà yẹn ní ẹni tó bá fi awò awọ̀nàjíjìn tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 75 wò ó yóò rí i bí ojú lásán ṣe ń rí òṣùpá. Àwọn tó ń tari rẹ̀ gé ọ̀rọ̀ awò náà kúrò, wọ́n gé ọdún náà kúrò, ó sì di ohun tó ń padà wá lọ́dọọdún. Lójú lásán, ìràwọ̀ pupa kékeré lẹ máa rí, kódà ní 2003.

Mo rò pé kí ẹ fi ikú Lord Mountbatten, ìbátan ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, kún un, 27 oṣù Kẹjọ 1979. Bọ́ǹbù àwọn IRA, ẹgbẹ́ tó ń fi ohun ìjà lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Ireland, pa á nínú ọkọ̀ ojú omi ní Mullaghmore, Ireland. Lọ́jọ́ yẹn kan náà wọ́n pa sójà Gẹ̀ẹ́sì 18 ní Warrenpoint.

Ìyá Ìjùmú

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láìsọ ìjà Ireland tẹ́lẹ̀, kò ní í yé ọmọ ọdún 10, àlàyé rẹ̀ á sì jẹ ìṣẹ́jú 3. Ẹ fi í fún àwọn àgbà kíláàsì láti kọ sórí kádíbọ́ọ̀dù.

Akọ̀wé Ẹ̀gbẹ̀

Ètò ìṣẹ́jú 10 yẹn, ẹ ṣe é báyìí. Ọmọ tó ń kàwé jẹ́jẹ́ níwájú èrò kì í ju ọ̀rọ̀ 100 sí 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 3 sílẹ̀ fún gígòkè, sísọ̀kalẹ̀ àti àtẹ́wọ́. Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ 6, ẹnìkan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èyíkéyìí má kọjá ọ̀rọ̀ 110: Krakatoa, Zanzibar, epo Drake, Du Bois, ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá fi Kogí pẹ̀lú Moldova ṣe ìkẹyìn. Ti Krakatoa lè gba 150. Ẹ jẹ́ kí ti jẹ́ẹ̀tì kúrú.

Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ibi, kó tó sọ ọdún, nítorí etí èrò kì í tètè mú ọdún tó bá ṣíwájú. Nọ́ńbà kò gbọdọ̀ ju 3 lọ nínú ìtàn kan. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti rí déètì rẹ̀ níbi méjì tí kò wo ara wọn kọ: àkójọ ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń da ara wọn kọ, nítorí náà ẹ ṣí ojú ewé ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ àti ìwé ìmọ̀ kan tí wọ́n tẹ̀.

Ọmọ Bùnú

Ẹ̀gbọ́n, bí ayẹyẹ bá sún sí ọjọ́ mìíràn ńkọ́? Òjò oṣù Kẹjọ kì í mọ àlejò.

Akọ̀wé Ẹ̀gbẹ̀

Kí wọ́n má yí "ọjọ́ òní" padà sí ọjọ́ tí wọ́n sún un sí. Kí wọ́n sọ "lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ". Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wọlé, ọjọ́ 1 oṣù Kínní ló kún jù fún ará Lọ́kọ́jà àti agbègbè rẹ̀: 1900 ni Lugard ka ìkéde níbẹ̀ tí wọ́n sọ àsíá ilé iṣẹ́ Royal Niger kalẹ̀, tí wọ́n gbé ti Gẹ̀ẹ́sì sókè, 1914 ni wọ́n so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, Haiti gba òmìnira ní 1804, Sudan ní 1956, Cameroon ní 1960. Ẹ kà á fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé sáà kejì.

Tíṣà Kábà

Ó yé mi. Mo ti fi ti Zanzibar fún ọmọ tí ohùn rẹ̀ lọ sókè jù, mo sì ti fi orúkọ Rawson sí ìlà tó kẹ́yìn nínú tirẹ̀. Lọ́la ni mo máa pín kádíbọ́ọ̀dù fún àwọn àgbà kíláàsì.